Àmì Pupa Lórí Ìbọn Ìléwọ́: Bí Ìdè Ṣe Ń Mú Kí Ojú Sọ Òótọ́

Ẹni tí ó bá gba àdúgbò Bajulaiye kọjá ní Ṣómólú ní ọjọ́ iṣẹ́ yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, nítorí pé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni a fi mọ agbègbè náà káàkiri Èkó. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ ohun kan tí àwọn tí ń ra kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpè ìgbéyàwó lọ́wọ́ wọn kì í sábà rò. Àwòrán aláwọ̀ mèremère kì í ti ara pléètì kan ṣoṣo jáde. Àwọ̀ mẹ́rin ni a ń tẹ̀ lé orí ara wọn: búlúù, pupa, ìyeyè àti dúdú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pléètì tirẹ̀. Bí pléètì kan bá yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ ní ìwọ̀n ìdajì mìlímítà péré, àwọ̀ ètè ìyàwó yóò kúrò lójú ètè, òjìji yóò sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà orúkọ ọkọ. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹ àmì agbélébùú kéékèèké sí etí ìwé, tí òṣìṣẹ́ yóò sì máa fi awò tí ń mú nǹkan tóbi yẹ̀ wọ́n wò títí gbogbo wọn yóò fi bo ara wọn dọ́gba.

Bí iṣẹ́ ìtẹ̀wé bá yẹ̀, ìwé ni yóò bàjẹ́. Ohun èlò mìíràn wà tí òfin kan náà ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ̀mí lè bá a lọ bí òun bá yẹ̀. Ohun èlò náà ni awò ìfojúsùn alámì pupa tí a ń gbé ka orí ìbọn ìléwọ́. Bí a ṣe ń gbé e kà á, àti bí a ṣe ń dè é mọ́lẹ̀ kí ó má baà yẹ̀, ni àlàyé yìí dá lé lórí. A kò retí pé kí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ di oníbọn. Ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ ni ìdí tí ohun èlò tí a fi ọgbọ́n ńlá ṣe fi lè di òpùrọ́ nítorí súkúrù kékeré kan.

Ọ̀rọ̀ àti òfin

Ìbọn ìléwọ́ ni ìbọn kúkúrú tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé. Kí ènìyàn fi ojú sùn nǹkan ni pé kí ó gbé ojú lé e láìyẹ̀. Inú rẹ̀ ni àfojúsùn ti jáde, ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé àti olóṣèlú ń lò lónìí fún ohun tí ènìyàn ń lépa. Awò ni ohun tí a ń fi wo nǹkan kí ó lè hàn sí ojú bí a ti fẹ́. Nígbà tí a bá pa àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀, awò ìfojúsùn alámì pupa kò ṣe àjèjì sí etí rárá.

Ní ti òfin, ọ̀rọ̀ ìbọn ìléwọ́ kò gba eré ní Nàìjíríà. Òfin tí a mọ̀ sí Firearms Act, tí ó ti wà láti 1959, pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìbọn ṣakabùlà àti irú àwọn ìbọn tí a ń ti ẹnu wọn ki ẹ̀tù wà ní ìsọ̀rí kẹta. Oríṣi àwọn ìbọn ìṣọdẹ ìgbàlódé wà ní ìsọ̀rí kejì. Ìbọn ìléwọ́ wà ní ìsọ̀rí kìn-ín-ní, pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta àti bọ́ǹbù, láàárín àwọn ohun ìjà tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní àfi bí Ààrẹ orílẹ̀-èdè bá fún un ní ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ọwọ́ agbófinró àti ọmọ ogun ni a ti lè rí i ní títì.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kan aráàlú tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí. Ní àdúgbò bíi Ṣómólú àti Bàríga, ilé fara kan ilé, ìyá aláta jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ọmọ iléèwé ń kọjá lọ sí ilé. Ọta tí kò bá ba ohun tí a rán an sí kò ní sọnù sínú afẹ́fẹ́. Ibì kan ni yóò bà. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìdè awò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ irin nìkan.

Bí àmì pupa ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìbọn ìléwọ́ tí kò ní awò ní irin kékeré kan ní iwájú àti òmíràn tí a gé ní àárín ní ẹ̀yìn. Ẹni tí ń fi ojú sùn nǹkan gbọ́dọ̀ mú irin ẹ̀yìn, irin iwájú àti ohun tí ó ń wò bọ́ sórí ìlà kan. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé jíjìnnà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú kò dọ́gba, ojú ènìyàn kò sì lè mú ohun mẹ́ta tí ó wà ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ hàn kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá tẹjú mọ́ irin iwájú, ohun tí ó wà lókèèrè yóò di bàìbàì. Ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tí ó ti ń na ìwé síwájú kí ó tó lè kà á, kò nílò ẹlẹ́rìí lórí èyí.

Awò alámì pupa mú ìṣòro náà kúrò. Fèrèsé dígí kékeré kan ni, tí iná pupa bíńtín kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Iná náà ń tàn síwájú sára dígí. Dígí náà tẹ̀ kòtò díẹ̀, a sì fi ohun kan kùn ún tí ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà ṣùgbọ́n tí ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yòókù kọjá. Nítorí bí ó ṣe tẹ̀ kòtò, ìtànṣán pupa tí ó dá padà sí ojú ń rìn lọ́gbọọgba, bí ẹni pé ọ̀nà jíjìn réré ni wọ́n ti ń bọ̀. Ojú a sì máa rí àmì pupa náà bí ẹni pé ara ohun tí a ń wò ni ó wà, kì í ṣe ara dígí. Bí orí oníbọn bá yí díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, àmì náà yóò yí nínú dígí, ṣùgbọ́n yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lára ohun tí ìbọn dojú kọ.

Àwọn kan a máa rò pé ìmọ́lẹ̀ pupa náà ń jáde lọ bá ohun tí a ń wò gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ẹni tí ó mú ìbọn nìkan ni ó ń rí i. A lè fi àtùpà ọdẹ ṣe àpèjúwe ìyàtọ̀ mìíràn. Ọdẹ òru a máa so àtùpà kábáídì mọ́ iwájú orí rẹ̀. Ibi tí orí bá yí sí ni ìmọ́lẹ̀ ń yí sí, nítorí pé orí ni a so ó mọ́. Kò mọ ohun tí ọ̀pá ìbọn ń ṣe. Ti àmì pupa yàtọ̀. Ìbọn ni a dè é mọ́, ohun tí ìbọn bá sì ṣe ni ó yẹ kí ó máa jíṣẹ́ rẹ̀ fún ojú. Bí ìdè náà bá dẹ̀, àmì yóò ṣì máa tàn rokoṣo, ojú yóò ṣì máa gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìbọn kò rán an ni yóò máa jẹ́.

Ìtàn rẹ̀ ní ṣókí

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Howard Grubb, aṣe-awò ìwo-ìràwọ̀ ní ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland, ni ó gbé irú awò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní 1900. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn awakọ̀ òfuurufú ogun lo irú rẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn, níbi tí iná mànàmáná wà láti tan àmì náà. Ohun tí kò jẹ́ kí ó dé orí ìbọn kékeré ni iná tí yóò kéré, tí kò sì ní jẹ bátìrì tán kíákíá. Ní 1962, Nick Holonyak ní Amẹ́ríkà ṣe iná LED pupa tí ojú lè rí. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Aimpoint ní ilẹ̀ Sweden gbé awò alámì pupa oníbátìrì jáde fún ìbọn gígùn.

Àwọn eléré ìdárayá ìbọn ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí lórí ìbọn ìléwọ́. Ní 1990, Doug Koenig, ọmọ Amẹ́ríkà, fi ìbọn ìléwọ́ tí ó ní irú awò yìí gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Adelaide ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Nígbà náà awò tóbi, a sì máa ń gbé e ka orí irin tí a dè mọ́ ara ìbọn. Nígbà tí awò kéré sí i, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e ka orí ìdérí ìbọn fúnra rẹ̀. Ní 2015, ilé iṣẹ́ Glock ti ilẹ̀ Austria mú ìbọn ìléwọ́ jáde tí ó ti gé àyè sí ìdérí rẹ̀ fún awò láti ilé iṣẹ́. Ní 2017, ìbọn tí ilé iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà yàn, èyí tí wọ́n pè ní M17, ní irú àyè bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń dè é ti di ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni tí ń lo irú ìbọn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ìdí tí orí ìdérí fi jẹ́ ibi líle

Ìdérí ni irin gígùn tí ó bo òkè ìbọn ìléwọ́. Nígbà tí ìbọn bá ró, agbára ẹ̀tù yóò ti ìdérí náà sẹ́yìn. Yóò gbá ibi ìdádúró, yóò dúró lójijì. Sípíríìnì yóò sì tì í padà síwájú, yóò tún dúró lójijì. Gbogbo èyí kì í gbà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Awò tí ó wà lórí rẹ̀ ń bá a lọ, ó ń bá a bọ̀.

Olùkọ́ tí ń kọ́ni ní òfin Newton lórí ìrìn ohun kò ní wá àpẹẹrẹ jìnnà. Bí awakọ̀ dánfó bá tẹ bíréèkì lójijì, mọ́tò yóò dúró, ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀ yóò fẹ́ máa lọ. Ohun tí ó bá dì mú nìkan ni ó ń dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni awò ń ṣe lórí ìdérí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn awò wọ̀nyí kò wúwo tó gíráàmù 50, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń tẹ bíréèkì fún wọn nígbà kọ̀ọ̀kan tí ìbọn bá ró, súkúrù kéékèèké méjì ni ó sì sábà máa ń dì wọ́n mú. Bí ìbọn bá ró ní ìgbà 500, ẹgbẹ̀rún kan ìdádúró òjijì ni àwọn súkúrù náà ti fara gbà.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí awò bá yẹ̀ ní ìwọ̀nba díẹ̀? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní ìsàlẹ̀ awò kan gùn ní mìlímítà 30, a sì ki ewé ìwé kan ṣoṣo, irú ìwé funfun tí wọ́n ń kó jọ gègèrè ní ilé ìtẹ̀wé, sábẹ́ orí rẹ̀ kan. Nínípọn ewé ìwé náà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ohun tí ó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà gbé sókè lórí mìlímítà 30, yóò gbé sókè ní nǹkan bíi mìlímítà 83 lórí mítà 25, nítorí pé igun wọn bára mu. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ lé díẹ̀ nìyẹn. Ní mítà 50 yóò di sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlógún ó lé. Ewé ìwé kan lábẹ́ awò ti tó láti gbé ọta kúrò lára ohun tí a fẹ́ bà lọ sára ẹni tí ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdọ̀tí, ọ̀rá tí ó ti dì, tàbí súkúrù tí ó tú ní ìwọ̀nba lè nípọn tó ewé ìwé.

Bí a ṣe ń gbé awò kalẹ̀ tí a sì ń dè é

Èkíní ni pé kí ìbọn ṣófo. A óò yọ àpò ọta kúrò, a óò fa ìdérí sẹ́yìn, a óò fi ojú wo ihò tí ọta ń gbé, a óò sì tún fi ìka kàn án wò. Àpò ọta àti ọta fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ sí lórí tábìlì iṣẹ́. Yorùbá ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun? Òwe yìí ti sọ gbogbo òfin ibi iṣẹ́ tán. Lẹ́yìn èyí ni a óò tó yọ ìdérí kúrò lára ìbọn.

Èkejì ni ìbáramu. Ihò súkúrù àti òòlẹ̀ irin kéékèèké tí ó wà lábẹ́ awò kò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ dé ilé iṣẹ́. Ti Trijicon RMR ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti Docter ti Jámánì. Bí àyè tí a gé sí ìdérí kò bá bá ti awò mu, a óò lo ìtẹ́lẹ̀ irin pẹlẹbẹ tí ó bá àwọn méjèèjì mu. Awò gbọ́dọ̀ jókòó pátápátá láìmì kí a tó fi súkúrù kankan kàn án, nítorí pé àwọn òòlẹ̀ àti etí àyè náà ni ó yẹ kí ó gba púpọ̀ nínú ìgbá. Bí awò bá ń mì kí a tó dè é, ẹrù tí kì í ṣe ti súkúrù ni a fẹ́ dì lé e lórí.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ́tótó. Ìbọn tuntun a máa kún fún òróró. Òróró wúlò níbi tí irin ti ń rìn lórí irin, ṣùgbọ́n ọ̀tá ni ó jẹ́ níbi tí a kò ti fẹ́ kí irin rìn rárá. A óò fi ọtí ìpa-kòkòrò, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn, nu ojú àyè náà, ìsàlẹ̀ awò, ihò súkúrù àti ara súkúrù fúnra rẹ̀, a óò sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ.

Ẹ̀kẹrin ni gígùn súkúrù. Bí ó bá kúrú jù, kò ní rí ibi púpọ̀ dì mú. Bí ó bá gùn jù, yóò kanlẹ̀ nínú ihò kí ó tó fún awò mọ́lẹ̀, tàbí kí ó lọ fọwọ́ kan ohun tí ń rìn nínú ìdérí. Irọ́ súkúrù tí ó kanlẹ̀ burú púpọ̀, nítorí pé ọwọ́ yóò gbọ́ pé ó ti le, awò kò sì tíì dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́kọ́ dán an wò láìfi gọ́ọ̀mù sí i.

Ẹ̀karùn-ún ni gọ́ọ̀mù súkúrù. Vernon Krieble, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé irú rẹ̀ jáde ní 1953, òun ni a sì mọ̀ sí Loctite. Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá wà lára rẹ̀, omi ni. Nígbà tí ó bá há sáàárín irin àti irin tí afẹ́fẹ́ kò sí, yóò dì. Èyí tí a lè fi sípánà ọwọ́ tú lẹ́yìn ọ̀la ni a ń lò fún awò, ẹ̀kán kékeré kan sì tó fún súkúrù kan. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò ṣàn lọ síbi tí kò yẹ.

Ẹ̀kẹfà ni fífún súkúrù. A kì í fún ọ̀kan tán kí a tó bọ́ sórí èkejì. A óò fún ti ọ̀tún díẹ̀, a óò fún ti òsì díẹ̀, a óò sì máa yí i bẹ́ẹ̀, kí awò lè jókòó dọ́gba. Ìwọ̀n agbára tí a óò fi fún un wà nínú ìwé tí ó bá awò wá. Fún ọ̀pọ̀ awò, ìwọ̀n náà wà láàárín 12 àti 15 ní ìwọ̀n inch-pound. Láti mọ bí ó ti rí, kí ènìyàn fi ojú inú wo ọ̀pá kan tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí a fi ohun tí ó wúwo tó kílógíráàmù kan àti ààbọ̀ kọ́ sí orí rẹ̀. Agbára tí ọ̀pá náà fi ń yí ìdí rẹ̀ ni súkúrù fẹ́. Sípánà oníwọ̀n ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Agbára ọwọ́ kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí pé ọwọ́ alágbára a máa já súkúrù, ọwọ́ ẹlẹ́rù a sì máa dẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀keje ni àmì àti sùúrù. A óò fi ọ̀dà fa ìlà tín-ín-rín kan láti orí súkúrù dé ara awò. Bí súkúrù bá yí lọ́jọ́ iwájú, ìlà náà yóò gé sí méjì, ojú yóò sì rí i. A óò wá fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí gọ́ọ̀mù lè dì tán. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ohun tí ń di ohun mú

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí súkúrù ń ṣe gan-an, nítorí pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti la ọ̀nà sí i. A ń so ewúrẹ́ mọ́ igi, ewúrẹ́ sì lè rìn dé ibi tí okùn gùn mọ. A ń lẹ ìwé mọ́ ògiri, ojú ìwé nìkan ni ó dì mú. A ń kan ìṣó mọ́ pákó, ìṣó ni ó há. Ṣùgbọ́n bí a bá de igi mọ́ igi nígbà tí a ń kọ́ àtíbàbà, ṣe ni okùn ń fún igi méjèèjì pọ̀ títí wọn yóò fi máa rìn pọ̀ bí ẹyọ kan. Ìdè ni iṣẹ́ súkúrù, kì í ṣe ìso.

Nígbà tí a bá fún súkúrù dáadáa, irin rẹ̀ a máa nà ní ìwọ̀nba tí ojú kò lè rí, bí rọ́bà tí a fà. Bí ó ti ń fẹ́ padà sí gígùn rẹ̀ ni ó ń fún awò àti ìdérí pọ̀, ìfúnpọ̀ náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀kan yọ̀ lórí èkejì. Ní 1969, Gerhard Junker, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, fi hàn pé ohun tí ó ń tú nọ́ọ̀tì jù lọ ni kí ohun méjì tí ó dè máa yọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá yọ̀, súkúrù yóò yí padà díẹ̀. Bí ó bá ti yí díẹ̀, ìfúnpọ̀ yóò dín kù, wọn yóò sì túbọ̀ máa yọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tí ó lè sọ ọjọ́ tí awò kan tú. Ojoojúmọ́ ni ó ti ń tú bọ̀.

Mímú àmì àti ọta fohùn ṣọ̀kan

Lẹ́yìn tí ìdè bá ti dúró, a óò mú ìbọn lọ sí pápá ìdánrawò tí òfin fọwọ́ sí. Awò ní súkúrù kéékèèké méjì mìíràn tí kì í ṣe ti ìdè: ọ̀kan ń gbé àmì sókè sódò, èkejì ń gbé e sọ́tùn-ún sósì. Oníbọn yóò yìn ín ní ìgbà mélòó kan sí ojú kan náà, yóò wo ibi tí ọta kó jọ sí, yóò sì yí àwọn súkúrù náà títí ibi tí àmì wà àti ibi tí ọta bà yóò fi di ọ̀kan. Lórí ọ̀pọ̀ awò, yíyí kọ̀ọ̀kan tí ó bá dún tó ìdá kan nínú 60 dígírì kan. Ní mítà 25, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà méje.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ọta bá yẹ̀ lónìí, wọn yóò yí àmì. Bí ó bá tún yẹ̀ lọ́la, wọn yóò tún yí i. Wọ́n dà bí ẹni tí ń tún agogo tò ní àràárọ̀ láìmọ̀ pé bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ. Yíyí àmì lè wo ìyẹ̀ tí ó dúró lójú kan sàn. Kò lè wo ìyẹ̀ tí ń rìn. Bí ibi tí ọta ń kó jọ sí bá ń ṣí kiri láti ọjọ́ dé ọjọ́, ìdè ni a óò kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ṣé ìlà ọ̀dà ṣì gún? Ṣé súkúrù kò tíì já? Ọ̀pọ̀ ń fi irin ìfojúsùn àtijọ́ sílẹ̀ lórí ìbọn nítorí èyí. Bí ibi tí àmì máa ń wà sí irin náà bá ti yàtọ̀, ẹ̀rí ti dé. Ní ìlú etí òkun bí Èkó, níbi tí ọ̀rinrin àti òógùn ti ń dá ìpẹtà sí irin, àyẹ̀wò náà kò gbọdọ̀ pẹ́. Lórí àwọn awò kan, bátìrì wà lábẹ́, a sì gbọ́dọ̀ tú awò kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí a bá tú u, gbogbo iṣẹ́ di tuntun: ìmọ́tótó, gọ́ọ̀mù, ìwọ̀n àti pápá.

Ohun tí olùkọ́ lè fi kọ́ni

Olùkọ́ kò nílò ìbọn láti kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí. Kí ó wá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí ó kan ìṣó kékeré kan sí orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó gbé e ka orí tábìlì tí ó jìnnà sí ògiri ní mítà márùn-ún. Kí akẹ́kọ̀ọ́ di ojú kan, kí ó mú ìṣó méjèèjì bọ́ sórí ìlà kan, kí ẹlòmíràn sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ìlà náà bà lára ògiri. Kí a wá ki ewé ìwé mẹ́wàá sábẹ́ orí pákó kan, kí a tún wò ó. Àmì kejì yóò jìnnà sí ti àkọ́kọ́ ní nǹkan bíi mìlímítà 17. Lẹ́yìn náà, kí a fi òwú so rúlà kan mọ́ ẹ̀yìn ìwé ńlá, kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ òmíràn, kí a jọ méjèèjì ní ìgbà 20, kí a sì wọn ìyẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe èyí yóò mọ ìdí tí a kò fi ń gbé òṣùwọ̀n oògùn ka orí tábìlì tí ń mì ní ilé ìwòsàn, àti ìdí tí awọ̀nlẹ̀ fi ń tẹ ẹsẹ̀ awò rẹ̀ rì sílẹ̀ kí ó tó wo ohunkóhun.

Ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé èdè Yorùbá gba gbogbo àlàyé yìí láìbẹ̀bẹ̀. Láti 1970 ni ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi hàn pé ọmọ tí a fi èdè abínibí kọ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò kù sẹ́yìn. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín so, lẹ̀, kàn àti dè ti mọ ìdajì ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ fẹ́ sọ fún un.

Ní àkótán, ojú ènìyàn a máa gba ohun tí ń tàn gbọ́ kíákíá. Àmì pupa ń tàn, ó mọ́lẹ̀, ó dà bí ẹni tí ìdánilójú kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Súkúrù méjì tí a kò rí, tí a fọ̀ mọ́, tí a wọ̀n, tí a fi sùúrù dè, ni ó mọ ibi tí ìbọn dojú kọ. Ẹni tí a bá fi irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ ní àárín ìlú, ẹ̀mí àwọn tí kò mọ orúkọ wọn ni a fi lé e lọ́wọ́. Kí ó tó gba àmì gbọ́, ìdè ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.